Àníkẹ́, Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́ Lo Ń Lọ Kọ́ Àwọn Ọmọ

Àtìkòrí, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Kúdíráátù ọmọ mi, Àníkẹ́ mi,

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ilẹ̀ tuntun tí o tẹ̀ gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Mo gbọ́ pé o ti rí yàrá gbà sí Àbígí, létí ọ̀sà ní Wọ́tásáìdì lọ́hùn-ún, àti pé onílé rẹ jẹ́ obìnrin ọlọ́yàyà. Ìyá rẹ ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi, títí dórí àwọ̀ kọ́tìnnì. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó jókòó sẹ́yìn mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó obì, kò sì yéé béèrè pé, “Ṣé ẹ ti kọ ọ́ sí i pé kó máa jẹun?” Mo ti kọ ọ́ báyìí. Máa jẹun.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, bóyá ni mo ń fi bírò ṣe ju kí n buwọ́ lùwé lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ kí o tó wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n kò sì fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Fóònù lè já, àyà tèmi náà sì lè já.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yangàn ná. Ní Jímọ̀ tó kọjá, a jáde ní mọ́ṣáláṣí, oníkálukú ń wá bàtà rẹ̀, ni Alhaji Súlè tó ń la pákó bá kí mi. Ó ní, “Kúdí ńkọ́? Ṣé báńkì Èkó yẹn ti gbà á?”

Mo ní, “Wọ́n gbà á. Òun ló kọ̀ wọ́n.”

“Ó kọ báńkì?”

“Ó wà ní Wọ́tásáìdì. Àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ló fẹ́ máa kọ́ bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́ nínú àwọn àjọ tó ń ran aráyé lọ́wọ́, àwọn tí kì í wá èrè.”

“Ẹn-jí-ò?”

“Ẹn-jí-ò ni.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ṣé iṣẹ́ náà nìyẹn?”

Mo gbé ohùn sókè kí àwọn tó ń wọ bàtà lè gbọ́. Mo ní, “Iṣẹ́ gidi ni, Alhaji. Ọmọ tèmi ló sì fẹ́ máa fi kọ́ni.” Ká ní o rí bí mo ṣe na ọrùn! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń rìn bọ̀ wálé, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Kì í ṣe nítorí rẹ. Irú ìbéèrè tí Alhaji bi mí yẹn, èmi gan-an ti bi ẹlòmíì rí, nígbà tí a kò tíì bí ọ, mo sì fi ba ọdún mẹ́rin jẹ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.

Nígbà náà, tíṣà ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n ní kí n máa tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà nípa iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ iwájú. Mo ní ọ́fíìsì kékeré kan, mo ní táì mẹ́ta, mo sì gbà pé mo gbọ́n. Lọ́dọọdún, mo máa ń pín fọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ SS2: Iṣẹ́ wo lo fẹ́ ṣe? Kí ló dé? Lọ́dọọdún náà, ohun kan náà ni wọ́n máa ń kọ: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Màá fi bírò pupa fàmì sí i, ó parí.

Ọdún kan, mo dé orí fọ́ọ̀mù ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ràfátù. Ọmọ ìlú Mámù ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń gbé ní Àgọ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣètò bí aboyún tó wà lóko ṣe máa tètè dé ilé ìwòsàn. Ó ní òun ò fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ lòun fẹ́ jẹ́. Níwájú “Kí ló dé?”, ó kọ ọ́ pé: “Nítorí ohun tí mo rí.”

Àníkẹ́, ṣebí ó yẹ kí n bi í pé kí ló rí. N kò bi í. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà sókè níwájú gbogbo kíláàsì, mo ní, “Ẹ gbọ́ o! Ràfátù fẹ́ máa fi sàárà ṣe iṣẹ́ òòjọ́!” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan pariwo pé, “Ìyá Sàárà!” Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí ó fi jáde. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ yọ awò ojú mi kí n lè nu omi ẹ̀rín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Ó ní, “Sà, ṣé kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo ní, “Kò sí. Ta ló máa san owó oṣù fún ọ? Lọ kọ nọ́ọ̀sì síbẹ̀ jàre, kí bàbá rẹ lè rí nǹkan sọ láwùjọ.”

Ó fa igi lé ohun tó kọ́kọ́ kọ, ó kọ “nọ́ọ̀sì” sí abẹ́ rẹ̀. Mo fàmì sí i. N kò sì ronú kan ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò jẹ́ gbàgbé.

Oṣù tó kọjá ni o pè wá, tí inú rẹ ń dùn. O ní ọ̀gá yín ń jẹ́ Alhaja Ràfátù, ọmọ Mámù. O ní òun ló dá àjọ náà sílẹ̀, orúkọ àwọn ọlọ́kadà àti onímọ́tò ló kọ́kọ́ ń kó jọ kí wọ́n lè máa gbé àwọn aboyún oko, kó tó di pé wọ́n nasẹ̀ dé Wọ́tásáìdì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣe é, tí wọ́n sì wá fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì níṣẹ́ náà. Ìyá rẹ ń ké “Máṣàállà!” Èmi rọra ti àwo oúnjẹ kúrò níwájú mi. Ìyá rẹ rò pé àárẹ̀ ló mú mi. Kì í ṣe àárẹ̀. Ọ̀gá rẹ ni ọmọ tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo gbọ́ pé ó máa ń wá kí ìyá rẹ̀ ní Mámù lọ́jọ́ Sátidé. Àná, mo gun ọ̀kadà lọ. Ìyá rẹ fẹ́ tẹ̀ lé mi, mo ní rárá, èmi nìkan ni mo dá ẹ̀ṣẹ̀ náà. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀. Àníkẹ́, ó kúnlẹ̀ fún mi! “Ẹ káàárọ̀, sà.” Ohùn rẹ̀ ìgbà yẹn náà ni. Mo ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ jọ lórí ọ̀kadà, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju pé, “Ràfátù, mo ṣẹ̀ ọ́.”

Kò díbọ́n pé òun ò mọ ohun tí mo ń sọ. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi, ó sì jókòó sórí àpótí. Ó ní, “Sà, ẹ̀rín àwọn ọmọ yẹn ò pẹ́ lára mi. ‘Lọ kọ nọ́ọ̀sì’ ló pẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi lé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kiri, bẹ́ẹ̀ n kò lè rí ẹ̀jẹ̀ kí òòyì má kọ́ mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbà pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ ò sí láyé, torí pé tíṣà mi ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo wá bi í léèrè ohun tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Mo ní, “Kí lo rí?”

Ó nawọ́ sí ọ̀nà oko. Ó ní, “Àbúrò ìyá mi ni, sà. Ó ń rọbí lóko. Ọ̀kadà wà ní Mámù níbí, ọlọ́kadà ń sùn lábẹ́ igi. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí wọ́n máa pè. A sin òun àtọmọ náà kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀. Ọkọ̀ wà, sà. Ètò ni kò sí.”

Nígbà tó yá, mo bi í bóyá ó mọ̀ pé ọmọ mi lòun gbà síṣẹ́.

Ó ní, “Mo ti mọ̀ látìgbà tí mo ti rí orúkọ yín nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀.”

“Kí ló wá dé tí o fi gbà á?”

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, “Ìbéèrè kan náà la bi gbogbo wọn. A ní, bí ọmọ kan bá sọ fún ọ pé iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ lòun fẹ́ ṣe láyé òun, kí lo máa sọ fún un? Ẹlòmíì ní òun máa gbà á níyànjú. Ẹlòmíì ní òun máa sọ fún un pé iṣẹ́ náà le. Kúdíráátù ní, ‘Màá bi í pé kí ló rí tó fi fẹ́ ṣe é.’ Sà, mo ní láti jáde síta lọ nu ojú mi kí n tó lè padà wọlé.”

Ọmọ mi, níbo lo ti kọ́ èyí? Kì í ṣe lọ́dọ̀ mi. Mo ti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo ti gba ìwé ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì tó ń dán gbinrin lára ògiri, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó gbólóhùn rẹ kan ṣoṣo yẹn, tí mo gbọ́ lẹ́yìnkùlé ẹlẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo bi í pé kí ni mo lè ṣe láti fi tún un ṣe. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ fún ọmọ yín. Kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.” Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́. Níwọ̀n bí mo sì ti mú bírò, jẹ́ kí n kó ìyókù tó wà níkùn mi sílẹ̀.

Èkíní, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ: bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí. Àwọn kan máa wà tí kò rí nǹkan kan ju ọkọ̀ jíìpù funfun tí àjọ ńlá fi ń kọjá. Má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mú wọn jáde lọ wo nǹkan. Ojú tó bá rí ló ń ròyìn.

Èkejì, kọ́ wọn pé àánú nìkan ò tó. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí mo ní nìyí. Nígbà tí mo wà ní Àgọ́, èmi àti àwọn tíṣà kan kó ẹgbẹ́ aláàánú jọ. A gba bàtà aláwọ dúdú lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà nílùú òkèèrè, a kó o lọ fún ilé-ìwé kan létí ọ̀sà ní Wọ́tásáìdì níbẹ̀ yẹn. A kọrin, a gbàdúrà, a padà wálé tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo tún débẹ̀, mo rí bàtà tí wọ́n fi kọ́ ìṣó lára ògiri, ó ti bu. Mo bínú. Mo ní aláìmoore ni wọ́n. Hẹ́dímásítà wọn, bàbá àgbàlagbà kan, rọra mú mi lọ sétí omi. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n ń là kọjá kí wọ́n tó dé ibí. Wọ́n ń bọ́ bàtà náà kó má baà bà jẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé wọn kọjá omi ló lu. Ká ní ẹ béèrè ni, à bá sọ fún yín.” Àníkẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ wa, tíṣà ni wá, a mọ̀wé, kò sì sẹ́nì kan nínú wa tó béèrè.

Nítorí náà, kí ọmọ rẹ kankan tó gbé nǹkan lọ fún ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ lọ jókòó tì wọ́n. Kọ́ wọn ní bí a ṣe ń béèrè, bí a ṣe ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, bí a ṣe ń pe ìpàdé kí àwọn obìnrin náà sì lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kọ́ wọn ní bí a ṣe ń kọ lẹ́tà tí a fi ń wá alátìlẹ́yìn láì ṣagbe. Ọmọ tó bá mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ní bi ẹnikẹ́ni pé ta ló máa san owó oṣù òun.

Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ò tíì tán. Nígbà tí mo délé, àwọn tó fi í ránṣẹ́ ní kí n kọ ìròyìn. Ojú ń tì mí láti sọ òtítọ́. Mo kọ ọ́ pé gbogbo àwọn ọmọ náà ló ń wọ bàtà lọ sílé-ìwé lójoojúmọ́, pé wọ́n tilẹ̀ ń jó nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Inú wọn dùn débi pé wọ́n tún kó bàtà mìíràn ránṣẹ́! Ọkọ̀ tó lu ṣì ń jò. Irọ́ tí mo pa ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lè kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Ohun tí a ṣe kò ràn wọ́n lọ́wọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn nira láti kọ ju èyíkéyìí lọ, òun náà ló sì ń mú kí ẹnìkan wá tún ọkọ̀ ṣe.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Jẹ́ ká máa lọ.

Àwọn òbí máa wá bá ọ jà. Bàbá kan máa wá sọ pé dókítà lòun fẹ́ kí ọmọ òun ṣe, pé kí lo ń kọ́ ọ. Má bá a fa ọ̀rọ̀. Rántí pé nígbà tí o sọ fún mi pé o ti kọ báńkì, ọjọ́ mẹ́ta ni n kò bá ọ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá tó fẹ́ràn rẹ ni mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo kàn gbé e wọ̀ bí ìbínú. Lọ bá wọn nílé. Jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ. Má lọ máa sọ Yorùbá yunifásítì fún wọn o. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe ilé ní “ulé”, ìwọ náà pè é bẹ́ẹ̀, ṣebí ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ́. Kí o sì sọ òtítọ́ fún wọn: iṣẹ́ ni, ó ní owó oṣù, kì í sábà sọ ènìyàn di olówó, ṣùgbọ́n ọmọ wọn kò ní ṣagbe jẹ.

Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrèǹgbè. Wọ́n máa mọ ohun tí ìwọ ò mọ̀ nípa omi, nípa ọkọ̀, nípa ẹni tó yẹ kí a kọ́kọ́ kí nílùú. Jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ.

Nípa ọ̀gá rẹ: má tẹrí ba níwájú rẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò sí nínú ẹrù tí o gbé lọ. Má sì retí ojúrere nítorí pé ọ̀rọ̀ ti tán láàárín àwa méjèèjì. Àbí ó tán? Ohun tó sọ fún mi ni pé ìbínú náà ti kúrò lọ́kàn òun, ṣùgbọ́n òun ò gbàgbé, òun ò sì fẹ́ gbàgbé. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà tó mi.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé o kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi láì wọ ẹ̀wù tó ń léfòó. Ó tún ní bí o bá ń ran gbogbo ayé lọ́wọ́, kí o má gbàgbé láti sùn. Mo fara mọ́ méjèèjì. Bí iṣẹ́ bá ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, wá sílé lọ́jọ́ méjì, kí o wá bá wa bó obì, kí o má sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá.

Ó ku ohun kan. Alhaja Ràfátù ní kí n wá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mo ní n kò tíì lè ṣe é. Ẹsẹ̀ mi lè gbé mi débẹ̀, ẹnu mi ni kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n ìwọ lè bá mi sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan máa dìde ní kíláàsì rẹ, ó máa sọ ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa fẹ́ rẹ́rìn-ín. Dá wọn dúró. Sọ ìtàn yìí fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Má ṣe sọ pé, “Tíṣà kan wà nígbà kan.” Sọ fún wọn pé, “Bàbá mi ni.” Bí wọ́n bá béèrè orúkọ rẹ̀, má fi pamọ́ fún wọn.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ rẹ tún ohun tí ọwọ́ mi bà jẹ́ ṣe. Kí omi tí o ń là kọjá má gbé ọ lọ. Kí àwọn ọmọ tí o bá kọ́ mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ, bí ìwọ náà ṣe mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làtífù Àkànní Adébánjọ,
tíṣà Ràfátù nígbà kan rí.